Ehoro kún kéèjì ní Bàrígà, ó ń tán lọ nínú igbó Spéìnì: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Ehoro ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé wa ní Bàrígà. Láti ọjọ́ tí mo ti lẹ ìwé mọ́ géètì pé ehoro inú igbó ti wà nínú ewu àtirun, ẹni tó wá ra ẹran kì í lọ láìbéèrè. Mo kọ ìdáhùn síbí kí ọ̀fun mi lè sinmi.

Ehoro wo gan-an lẹ ní ó ń tán lọ?

Ehoro inú igbó ilẹ̀ Yúróòpù ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Oryctolagus cuniculus. Ilẹ̀ Spéìnì àti Potogí ni orírun rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gbẹ́ ihò gbé kí ọmọ aráyé tó kó o káàkiri. Kò tóbi: ọ̀pọ̀ wọn kì í tó kílò 2, irun wọn sì dà bí eérú tí wọ́n pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Àwọn Potogí tó sọ Èkó di Lagos ní ìlú kan tó ń jẹ́ Lagos ní gúúsù ilẹ̀ tiwọn náà, ilẹ̀ ehoro sì ni agbègbè yẹn látayébáyé.

Àwọn ehoro mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn burú ju èyí lọ, mo fi wọ́n sí ìsàlẹ̀. Èyí ni mo fi ṣíwájú nítorí pé òun ni baba ńlá gbogbo ehoro tó wà nínú kéèjì mi, àti funfun, àti dúdú, àti alámì.

Ṣé kì í ṣe ehoro tí àwọn ọdẹ wa ń pa nìyẹn?

Rárá o. Èyí tí ọdẹ ń pa lápá Òkè Ògùn tàbí Ìlọrin, ehoro la ń pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn ni. Kì í gbé inú ihò, àárín koríko ló ń ba sí. Ọmọ rẹ̀ máa ń wáyé pẹ̀lú irun lára, ojú á ti là, kò sì ní pẹ́ tí á fi máa fò kiri. Ti inú kéèjì, ìhòòhò goloto ló ń wáyé, ó pupa bí ìka ọwọ́ ọmọ jòjòló, ojú rẹ̀ á sì wà ní dídì fún nǹkan bí ọjọ́ 10. Orúkọ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi pe méjèèjì, ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú nìyẹn. Wọn ò lè bá ara wọn bímọ.

Ti àwọn ọdẹ wa yìí, kò tíì sí nínú ewu lójú àwọn tó ń ka ẹranko ayé.

Òkété kọ́ ni mò ń sọ o. Ní Èkó níbí, ẹlẹ́ran ìgbẹ́ lè na òkété yíyan sí yín kó ní rábíìtì ni. Ẹ wo ìrù rẹ̀: ìrù gígùn tó funfun lápá ìparí, òkété ni.

Ta ló ń pinnu pé ẹranko kan ti wà nínú ewu?

Ẹgbẹ́ àgbáyé kan tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó ni, IUCN ni wọ́n ń pè é. Láti 1964 ni wọ́n ti ń ṣe ìwé kan tó ń jẹ́ Àkójọ Pupa. Ẹ kà á sí àtẹ̀gùn. Lókè pátápátá ni àwọn tí kò séwu fún wà. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, á kan àwọn tí ewu ń bọ̀ wá bá, àwọn tó ti di ẹlẹgẹ́, àwọn tó wà nínú ewu, àwọn tí ewu tiwọn ti kọjá kékeré, àwọn tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ènìyàn nìkan, kó tó wá kan àwọn tó ti run. Ní 2008, orí àtẹ̀gùn àwọn tí ewu ń bọ̀ wá bá ni ehoro Yúróòpù wà. Nígbà tó fi máa di 2019, wọ́n ti fo ẹlẹgẹ́ dá, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú ewu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́ ni pé wọ́n rò pé ó ti ku ẹyọ mélòó kan. Kì í ṣe iye tó kù nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo bó ṣe ń yára dín kù. Bí ẹ bá rọ omi kún tánkì lálẹ́ àná, tó sì ti dé ìdajì láàárọ̀ yìí láìsí ẹni tó pọn ún, ṣé ẹ máa dúró kó gbẹ kẹ́ ẹ tó wá ibi tó ti ń jò? Ẹranko tó bá fi ìdajì dín láàárín ọdún 10 tàbí ìran mẹ́ta, èyíkéyìí tó bá gùn jù nínú méjèèjì, ó ti tó kí wọ́n kọ ọ́ sínú ewu, ì báà ṣẹ́ ku mílíọ̀nù.

Ehoro tó ń bímọ bí ẹni ń da ẹ̀wà! Báwo ló ṣe máa tán?

Oṣù kan péré ni abo fi ń lóyún, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé ewé àti omi fún tèmi. Ti inú igbó, ìgbà tí òjò bá rọ̀ tí koríko tútù bá wà ló ń bímọ. Lẹ́yìn ìyẹn, idì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ejò àti ọdẹ ló jọ ń pín àwọn ọmọ náà. Bíbí yẹn gan-an ló fi ń bá ikú ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí àrùn wá kún un, bíbí ò lè bá a mọ́.

Àrùn wo nìyẹn?

Méjì ni. Àkọ́kọ́ ni myxomatosis, ẹ̀fọn àti eégbọn ló ń gbé e láti ara dé ara. Ehoro tó bá mú, ìpéǹpéjú á wú títí ojú á fi dí, etí á wú, abẹ́ á wú. Kò ní ríran mọ́, á kàn jókòó sójú títì kí mọ́tò máa bọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1896, ehoro tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù ń kú ní yàrá ìwádìí Giuseppe Sanarelli ní Montevideo, ní Urugúáì, òun ló sì kọ́kọ́ ṣàlàyé àrùn náà. Ehoro igbó apá ibẹ̀ fúnra wọn kì í sábàá tìtorí ẹ̀ kú, kókó kékeré kan ló ń so sí wọn lára. Ti Yúróòpù tí kò bá a pàdé rí ló wá ń kú bí ewé. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nínú 100 tó bá mú, ó lè má ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Èkejì, RHD làwa tó ń sin ehoro ń pè é. Ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ, á sì máa sun ẹ̀jẹ̀ sínú ara. 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Ṣáínà, lára ehoro onírun gígùn tí wọ́n kó wá láti Jámánì. Kí 1988 tó parí, ó ti wọ Spéìnì. Ẹ̀yà rẹ̀ tuntun yọjú ní Faransé ní 2010, ó sì sọdá sí Spéìnì lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ti tuntun yìí ló burú jù lójú tèmi. Ti àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọmọ kékeré, nítorí náà àwọn ọmọ yẹn ló ń dàgbà rọ́pò òkú. Ti tuntun ń pa ọmọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń pa ìyá wọn. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti kó ju ìdajì ehoro lọ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Spéìnì àti Potogí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé dókítà kan ló mọ̀ọ́mọ̀ tu àrùn sílẹ̀ ní Yúróòpù?

Òótọ́ ni. Paul-Félix Armand-Delille ni orúkọ rẹ̀, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì. Ehoro ń dààmú ilẹ̀ rẹ̀ ní Maillebois, ní Faransé. Ní oṣù kẹfà 1952 ó gba fáírọ́ọ̀sì myxomatosis, ó gún ehoro méjì lábẹ́rẹ́ rẹ̀, ó tú wọn sílẹ̀. Odi yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, ó sì gbà pé odi á sé àrùn mọ́. Ẹ̀fọn ló fẹ́ fi odi sé mọ́ o! Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n ti rí òkú ehoro níbi tó tó nǹkan bí kìlómítà 50 sí odi yẹn, bí ẹni pé ẹ kúrò ní Bàrígà tẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ṣágámù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti wọ Spéìnì, ó ti sọdá òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Ní 1956, àwọn tó ń rí sí igbó tún fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà, pé ó gba igbó lọ́wọ́ ehoro. Ẹjọ́ àti ẹ̀bùn lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ n dákẹ́ síbẹ̀.

Ǹjẹ́ irú àrùn bẹ́ẹ̀ dé Nàìjíríà?

RHD dé ní 2020, lọ́dún tí gbogbo ayé ti ń gbọ́ ti Kòró, kò sẹ́ni tó ráyè gbọ́ ti ehoro.

Mo ti fara gbá ikú òjijì nínú kéèjì rí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mo ra abo méjì lọ́wọ́ ẹnì kan. Kò sọ fún mi pé kéèjì òun ti ń ṣófo lójoojúmọ́, èmi náà ò sì yà wọ́n sọ́tọ̀, mo kàn tì wọ́n mọ́ àárín àwọn tó kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbé ewé yúnyún dé, ọ̀kan ti nà gbalaja, ọrùn rẹ̀ ká sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ wà nímú rẹ̀, ewé tó ń jẹ lálẹ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mọ́kànlá ti lọ. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹran ni, ẹran á máa kú."

Ẹ yé fi ehoro tuntun sáàárín àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì máa bọ́ ọ kẹ́yìn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bọ́ àwọn tó kù. Èyí tó bá kú, ẹ sin ín jinlẹ̀, ẹ fi omi bíliìṣì fọ kéèjì rẹ̀. Ẹ má ju òkú ẹ̀ sórí ààtàn tẹ́ ẹ ti ń já koríko.

Yàtọ̀ sí àrùn, kí ló tún ń pa wọ́n?

Ilẹ̀. Ehoro fẹ́ ibi tí koríko kúkúrú àti igbó ṣúúrú ti jọ wà: á jẹun níta, á sá wọlé. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti pa ilẹ̀ kéékèèké pọ̀, wọ́n fi katakata tu ààlà oko dànù, ihò bá a lọ. Lórí òkè, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn darandaran fi ibẹ̀ sílẹ̀, igbó dí, koríko ò yọ mọ́. Ìdọdẹ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni baba ìṣòro.

Wọ́n ní ehoro pọ̀ ní Ọsirélíà débi pé ìjọba ń pa á. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ gba méjèèjì gbọ́. Ní 1859, Thomas Austin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn ìdọdẹ, tú ehoro 24 sílẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀ ní Barwon Park, ní Victoria. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bo ilẹ̀ náà. Láti 1901 dé 1907, ìjọba ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀ fa wáyà gígùn gbọọrọ tó la ilẹ̀ já láti fi dá wọn dúró, ehoro kọjá. Ní 1950, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tu myxomatosis yẹn náà sí wọn láàárín.

Àkójọ Pupa kì í fi ti àjèjì ilẹ̀ ṣe ìṣirò. Ilé ẹranko gan-an ni wọ́n ń wò, ilé rẹ̀ sì ni Spéìnì àti Potogí. Ní Ọsirélíà, ó ń jẹ koríko tí àwọn ẹranko ibẹ̀ fẹ́ jẹ. Ní Spéìnì, òun gan-an ni oúnjẹ.

Ó tún lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Spéìnì kan náà, àwọn àgbẹ̀ kan ń pariwo pé ehoro jẹ ọkà àti àjàrà àwọn tán, pàápàá lẹ́bàá òpópónà àti ojú irin tí wọ́n ti rí ilẹ̀ rírọ̀ gbẹ́. Ẹ̀yà méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà lápá àríwá àti ìlà oòrùn ló sábàá ń wọ oko olóko, òun náà ni gbogbo ehoro inú ilé ti wá. Èyí tó wà lápá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, tó fi dé Potogí, kéré lára, òun ló ń tán lọ jù. Ẹni tó bá ka àwọn méjèèjì pọ̀ lè sọ pé nǹkan ò burú.

Tí ehoro bá tán ní Spéìnì, kí ló kan ará Bàrígà?

Bóyá kò kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ẹni tó kàn. Ológbò igbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lynx, tí irun dúdú ṣóńṣó wà lórí etí rẹ̀. Nínú ẹran 10 tó bá jẹ, 8 tàbí 9 ló jẹ́ ehoro, nǹkan bí ọ̀kan lóòjọ́. Nígbà tí ehoro wọ́n, ológbò yìí kú títí tó fi jẹ́ pé ní 2002 kò pé 100 mọ́ ní gbogbo ayé. Wọ́n náwó, wọ́n nára, wọ́n sìn ín, wọ́n kó ehoro lọ síbi tí wọ́n fẹ́ tú u sí. Ní 2023 ó ti lé ní 2,000, ní 2024 wọ́n sì gbé e gòkè láti inú ewu sí ẹlẹgẹ́.

Ẹ wá wò ó: ológbò ń gòkè àtẹ̀gùn, oúnjẹ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ń dẹ́rù bà mí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹyẹ àti ẹranko tó lé ní 30 ló ń jẹ ehoro yìí níbẹ̀, títí kan irú idì kan tí kò sí níbòmíràn. Aláǹgbá, ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ ń sá oòrùn wọ inú ihò rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń jílẹ̀. Àwọn tó ń ra ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ehoro lọ́wọ́ mi fún ọgbà ẹ̀fọ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣé ó wà ní Áfíríkà, ehoro tó wà nínú ewu?

Ó wà, ó sì burú ju ti Spéìnì lọ. Ehoro etí odò ni, ní Karoo, ilẹ̀ gbígbẹ ní Gúúsù Áfíríkà. Kò sí níbòmíràn láyé. Ẹ ó dá a mọ̀: ilà dúdú kan gba igun ẹnu rẹ̀ kọjá lẹ́rẹ̀kẹ́, bí ẹni kọ ilà, òrùka funfun sì yí ojú rẹ̀ ká. Igbó ṣúúrú etí àwọn odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ló ń gbé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti rọ̀ tó láti gbẹ́ ihò. Ibẹ̀ náà sì ni àgbẹ̀ ti rí ilẹ̀ ọlọ́ràá tu. Ọmọ kan tàbí méjì ni abo ń bí lọ́dún, nítorí náà ẹ má fi bíbí ṣọkàn níbẹ̀. Ní 2018 wọ́n rí díẹ̀ ní Baviaanskloof, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí.

Ní Mẹ́síkò, ehoro kékeré kan tí kò ní ìrù tó hàn ń gbé orí àwọn òkè ayọnáyèéfín tó yí olú ìlú wọn ká, ìlú tó fún pọ̀ bí Èkó. Ilé àti pápá màlúù ti ń gun òkè náà bọ̀.

Ti Jàpáánì ló ń dùn mọ́ mi nínú. Ní 1979 wọ́n kó ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mongoose sí erékùsù Amami kó lè máa pa ejò. Ọ̀sán ló ń jáde, òru lejò ń jáde. Ló bá yíjú sí ehoro dúdú tó jẹ́ ti erékùsù náà. Ó di oṣù kẹsàn-án 2024 kí ìjọba tó kéde pé àwọn ti mú gbogbo rẹ̀ tán. Ehoro sì ti ń padà bọ̀.

Ẹ kó ehoro yín lọ tú síbẹ̀ nígbà náà. Ṣe bí ẹ ní baba kan náà ni wọ́n?

Ọ̀kadà-rídà kan ló kọ́kọ́ bi mí léyìí, mo rẹ́rìn-ín, mo wá rí i pé ìbéèrè tó dáa jù ni. Ẹ wo akọ mi funfun: kílò 4 ààbọ̀, ojú pupa. Bí géètì bá dún, iwájú kéèjì ló ń sá wá, ó rò pé oúnjẹ ni. Nínú igbó, ohun tó bá dún, ihò lèèyàn ń sá lọ. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ọpọlọ wọn wò rí i pé ibi tí ẹ̀rù ń gbé nínú ọpọlọ ehoro inú ilé ti kéré sí ti inú igbó. Tèmi ò ní rí alẹ́ ọjọ́ kejì.

Ti inú igbó gan-an tí wọ́n ń kó láti ibì kan tú síbòmíràn, ọ̀pọ̀ ló ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa kọ́kọ́ ń fi òkúta àti pákó kọ́ ihò fún wọn, wọ́n á fi wáyà yí i ká títí ara wọn á fi balẹ̀. Wọ́n tún ní láti ṣọ́ra kí wọ́n má lọ kó ẹ̀yà àríwá da ti gúúsù pọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò fún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára?

Abẹ́rẹ́ wà fún ehoro inú ilé. Ta ló máa mú ti inú igbó níkọ̀ọ̀kan, lọ́dọọdún?

Àwọn onímọ̀ ní Spéìnì wá ronú ọgbọ́n kan: wọ́n sọ fáírọ́ọ̀sì myxomatosis di aláìlágbára, wọ́n ki ìdáàbòbò RHD mọ́ ọn nínú, kí ehoro máa kó àjẹsára ran ara wọn bí wọ́n ṣe ń kó àrùn. Wọ́n dán an wò ní Isla del Aire, erékùsù kékeré kan létí Menorca, ó sì ran díẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀. Ọsirélíà ń fi fáírọ́ọ̀sì pa ehoro, Spéìnì fẹ́ tu èyí tó ń gbà á là sílẹ̀. Bí ti Spéìnì bá wọ ọkọ̀ dé Ọsirélíà ńkọ́? Ẹ̀rù yẹn wà níbẹ̀, kò sì jẹ́ ẹ̀rù lásán, lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí odi Maillebois.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n ra ehoro sè?

Rárá. Ẹ wá rà á lọ́wọ́ mi. Ti inú kéèjì tẹ́ ẹ jẹ ò dín ti Spéìnì kù.

Mo fẹ́ tú méjì sílẹ̀ nínú igbó lápá Lẹ́kí kí wọ́n lè máa bí síbẹ̀. Ṣé ó dáa?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ajá àti ọ̀nì á jẹ wọ́n. Bí wọn ò bá sì jẹ wọ́n, ẹ padà lọ ka ti Thomas Austin lókè.

Ṣé wọ́n ka ti yín mọ́ iye tó kù láyé?

Wọn ò kà á. Àwọn tó ń gbé inú igbó fúnra wọn, ní ilẹ̀ orírun wọn, ni Àkójọ Pupa ń wò. Ehoro inú ilé káàkiri ayé lè pọ̀ bí yanrìn, kò ní gbé ti Spéìnì gòkè lórí àtẹ̀gùn. Mo ka tèmi láàárọ̀ yìí kí n tó fún wọn ní ewé ọ̀dùnkún: mẹ́tàdínlógún, àti ọmọ mẹ́fà tí ojú wọn ò tíì là. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ ìṣirò.